Obìnrin Tó Ń Fi Ìgbálẹ̀ Gbá Oko

Ẹ dúró ná! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lọ, ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí, dandan ni kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ìgbálẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ gan-an ló délẹ̀ yìí. Obìnrin kan wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá oko. Kì í ṣe àgbàlá o, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oko iṣu! Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tí gbogbo wa fi ń gbá iwájú ilé ló ń mú lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbá àárín ebè kan dé àárín èkejì, á kó ewé gbígbẹ jọ, á ṣáná sí i. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ó gbá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dànù mọ́ ọn.

Christiana Fálẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Onínujú ni wọ́n ń pè é, Èkó ni orúkọ yẹn sì ti bá a wálé.

Ìsàlẹ̀ àpáta ni wọ́n bí i sí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń ti Èmùré wá ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wú u tán. Bí Christiana ti parí ilé-ìwé girama, ó gba Èkó lọ, ó sì rí iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ìwòsàn ńlá kan. Garawa àti àkísà ìnulẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi fẹ̀yìn tì, òun ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ìnujú funfun kan kì í kúrò ní àpò rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ti nu fèrèsé, á fa ìnujú yọ, á fi ra etí fèrèsé náà, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rí àbàwọ́n tó tó orí abẹ́rẹ́, ẹ tún iṣẹ́ yín ṣe nìyẹn. Dókítà àgbà kan fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, Christiana ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta." Dókítà sì jáde, ó lọ nu bàtà.

Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ méjì lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Gideon wà ní Ìbàdàn, Faith ti bá ọkọ tirẹ̀ lọ sí Kánádà. Faith ní kí Mọ́mì máa bọ̀ wá bá òun gbé. Christiana ní rárá. Ohun kan ṣoṣo ló ń wu òun: kí òun gbin iṣu sórí ilẹ̀ bàbá òun, kí òun fúnra òun wú u, kí òun gún un, kí òun sì jẹ iyán rẹ̀ kí òun tó dágbére fún ayé. Ó kó ẹrù, ó dé Ìkẹ́rẹ́.

Ilẹ̀ náà wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ó dà wá sí etí odò kékeré. Bàbá Bámijókò, àbúrò bàbá rẹ̀, ni olórí ẹbí, òun ló sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Bàbá náà ti dàgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ.

"Christiana," ó ní, "ulẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ẹbí ni. Ẹni tí ulẹ̀ bá ń dáhùn fún ni yóò máa lò ó. Ọjọ́ tí kò bá dáhùn fún ọ mọ́, ẹlòmíràn á gbà á. Má ṣe bínú sí mi lọ́jọ́ náà."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Á dáhùn."

Stephen, ọmọ Bàbá Bámijókò, ló ń ro apá kejì òkè náà. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn síbẹ̀. Ìlà pèrègún àtijọ́ kan ló pa ààlà láàárín òun àti Christiana, láti òkè dé etí odò. Ẹ fi ìlà pèrègún yẹn sọ́kàn o, a máa padà síbẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn lébìrà kọ ebè, wọ́n gbin èbù tí wọ́n rà wá láti Àgbàdo-Èkìtì, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kọ̀ọ̀kan bíi fìlà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe láti ayébáyé. Christiana dé oko lọ́jọ́ kejì, ó rí koríko lórí ebè, ó rí ewé tó tú káàkiri, inú sì bí i gidigidi.

"Ta ló da pàǹtí sórí iṣu mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ṣí fìlà orí ebè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sun ún. Láti ọjọ́ náà ni ìgbálẹ̀ ti di ohun èlò oko. Koríko kò gbọdọ̀ yọjú. Ewé tó bá jábọ́ láàárọ̀ kò ní bá oòrùn ọ̀sán níbẹ̀. Oko náà mọ́ débi pé ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Àmọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń dáko nítòsí, dúró sójú ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Christiana, ṣé àlejò ń bọ̀ wá sùn sóko yìí ni? Ó ku kí o tẹ́ ẹní."

"Máa rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ejò ń bímọ lóko rẹ."

Ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò rẹ́rìn-ín, wọ́n yìn ín ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nílẹ̀ wa, oko tó mọ́ ni oko alágbára, oko tó bá kún fún koríko, ti ọ̀lẹ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà kan tilẹ̀ dìde, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ wo oko Màmá Onínujú kí wọ́n fi kọ́gbọ́n. Christiana rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Iṣu ọdún yẹn dára díẹ̀. Ti ọdún kejì kéré sí i. Christiana ra ajílẹ̀ òyìnbó, ó bù ú sí ìdí ebè, òjò kan rọ̀, àgbàrá sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Koríko etí odò ló yó. Koríko náà ga ju ènìyàn lọ! Ní ọdún kẹta, nígbà tí wọ́n wú iṣu, Bàbá Bámijókò wá fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tú òkìtì iṣu náà wò.

"Christiana, uṣu rèé àbí ìka ọwọ́?"

Stephen tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbá ẹnu mú kí ẹ̀rín má bàa jáde.

"Bàbá, oko mọ́. Ẹ wò ó. Kò sí ẹyọ koríko kan."

"Mo rí i pé ó mọ́. Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ fún, uṣu ni. Ọdún kan ló kù fún ọ. Bí ó bá tún rí báyìí, Stephen á gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọ ibí."

"Àǹtí, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," Stephen dá sí i. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbà á, kí ẹ lọ jókòó jẹ́jẹ́, kí ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n."

Christiana kó iṣu rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, kò sì kún apẹ̀rẹ̀ náà. Lójú ọ̀nà ilé, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn rẹ̀: wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá òun, òun kò sì tíì jẹ iyán náà.

Ẹ wá wo ohun tí ènìyàn máa ń ṣe bí ìdààmú bá dé. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò tún ṣe jù. Christiana mọ ìmọ́tótó, nítorí náà ó pinnu pé oko òun kò tíì mọ́ tó. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ìgbálẹ̀ kò tíì dé: ìdí pèrègún tó wà láàárín òun àti Stephen. Ewé ti bọ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti jẹrà lórí ara wọn, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án nítorí pé ààlà ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ìjà bẹ́. Christiana gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ láti tú ìdọ̀tí náà ká.

Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ́ náà rì wọlé pẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ bọ ẹ̀kọ. Ó yà á lẹ́nu. Nínú oko rẹ̀ tó mọ́, ọkọ́ máa ń dún gbà ni bíi pé ó kọlu símẹ́ńtì. Ó fa ògúlùtù kan yọ: dúdú, ó rí kúlúkúlú, ekòló méjì ń yọrí níbẹ̀. Ó kanra mọ́ wọn, ó jù ú sílẹ̀, ó lọ ṣan ọwọ́ nínú garawa omi tó gbé wá. Ògúlùtù kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ etí ọkọ́ já bọ́ sínú garawa náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni erùpẹ̀ láti ara bàtà òjò rẹ̀ pẹ̀lú já bọ́, èyí tó ti àárín ebè wá.

Obìnrin yìí ti ń rẹ nǹkan sínú omi láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí nǹkan kan bá wà tó mọ̀, ó mọ bí ìdọ̀tí ṣe ń tú. Ó sì rí i. Erùpẹ̀ ara bàtà tú lójú ẹsẹ̀, omi di pupa. Ògúlùtù ìdí pèrègún rì sísàlẹ̀, ó jókòó, kò yí padà.

"Kí lèyí?"

Ó da omi nù. Ó sáré bu ògúlùtù kan láti ìdí pèrègún, ó bu òmíràn láti orí ebè, ó dì wọ́n lọ sílé. Ó gbé ife gíláàsì méjì sórí tábìlì, ó pọn omi tó mọ́ sí wọn, ó rọra sọ ògúlùtù kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀. Háà! Ti orí ebè tú bíi ṣúgà nínú tíì. Kí ó tó fa àga sídìí, ó ti di ẹrẹ̀. Ti ìdí pèrègún jókòó síbẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ kedere, èèyàn lè fi wo ojú ara rẹ̀. Christiana jẹun, ó fọ abọ́, ó padà wá. Ó ṣì jókòó! Ó rò pé òkúta ni. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àkàrà gbígbóná. Kì í ṣe òkúta. Kí ló wá so ó pọ̀?

Ó pe Ọlámidé, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì. Lójú fóònù tí wọ́n ti ń rí ara wọn, ó gbé ife méjèèjì sí i níwájú. Ọlámidé pariwo débi pé fóònù fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì! Ta ló kọ́ yín? Ohun tí a ń ṣe ní kíláàsì gan-an nìyẹn!"

"Ta ni yóò kọ́ mi? Ọwọ́ ni mo ń ṣan."

Lópin ọ̀sẹ̀ náà, Ọlámidé ti dé Ìkẹ́rẹ́. Ó tẹ̀lé Mọ́mì lọ sí oko, ó kúnlẹ̀ sídìí pèrègún, ó ṣí ewé jíjẹrà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò rí ohun tó wà níbẹ̀! Fọ́nrán funfun tó wẹ́ ju òwú ìránṣọ lọ ti ta wọ inú ilẹ̀ káàkiri bí àwọ̀n. Ekòló ti lu ihò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kòkòrò pẹ́pẹ̀pẹ́ ń sá lọ.

"Ẹ wo fọ́nrán yìí, Mọ́mì. Ara olú ni. Òun àti ekòló àti àwọn tí ojú wa kò lè rí, ewé jíjẹrà ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, nǹkan kan máa ń jáde lára wọn tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù yẹn ló so ilẹ̀ pọ̀ ní kúlúkúlú. Àárín kúlúkúlú yẹn ni omi òjò ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò iṣu ń gbà. Bí wọn kò bá rí oúnjẹ, wọ́n á kú. Gọ́ọ̀mù á tán. Òjò tó bá rọ̀, ilẹ̀ á tú, á di ojú rẹ̀ pa, omi kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, àfi kó máa sáré lọ sódò, á sì máa gbé ilẹ̀ lọ́wọ́ lọ."

Christiana wo oko rẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn. Kò sí ewé kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Nítorí náà, èmi..."

"Ẹ̀yin ti ń gbá oúnjẹ wọn dànù, Mọ́mì. Láràárọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó fa ìnujú yọ, ó nu ojú, ó sì gbéjà kò ó. "Ṣé kí n wá máa gbé inú ìdọ̀tí ni? Èmi? Ìwọ mọ iye kòkòrò tí mo pa ní wọ́ọ̀dù kí àwọn ènìyàn má bàa kú?"

"Ẹ ṣe dáadáa. Ní wọ́ọ̀dù, ẹ pa kòkòrò kí èèyàn lè yè. Ní oko, bí ẹ bá pa kòkòrò, kí lẹ ó jẹ?"

Christiana jókòó sórí ebè kan, ebè náà sì wó lábẹ́ rẹ̀ bí iyanrìn. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Christiana kò pẹ́.

Àbí ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le? Ohun tí Ọlámidé ní kí ó ṣe kò ṣòro: kí wọ́n má kọ ebè tò láti òkè wá sísàlẹ̀ mọ́, kí wọ́n máa kọ ọ́ dábùú òkè, kí omi máa kọsẹ̀ lára rẹ̀. Kí wọ́n dá fìlà padà sórí ebè. Kí wọ́n gbin ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ kí ó lè ta bo ilẹ̀. Kí wọ́n gé ewéko tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lẹ́bàá títì, èyí tí kò sí ẹni tó kà á sí, kí wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀ kó jẹrà. Kí iná má ṣe kan oko náà mọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí Christiana bá ṣe é, oko rẹ̀ á rí bí oko ọ̀lẹ, Bàbá Bámijókò sì ń bọ̀ wá wò ó. Bí kò bá ṣe é, iṣu á di ìka ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀ á sì lọ. Ìgbà wo ni kò ní pàdánù?

Ó ronú lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgbálẹ̀ oko rẹ̀, ó gbé e fún Àmọ̀kẹ́.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀. Bí mo bá wá tọrọ rẹ̀, má fún mi."

"Kí ló dé? O ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ni?"

"Ọwọ́ mi ló ń yún mi."

Ó yún un lóòótọ́! Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀gúsí ta, tí ewé tó tẹ́ sílẹ̀ ń jẹrà tó ń rùn díẹ̀, Christiana á dúró sáàárín oko, á fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá kí ó má bàa fa nǹkan kan tu. Lẹ́ẹ̀kan, ó lọ bá Àmọ̀kẹ́ pé kí ó fún òun ní ìgbálẹ̀ díẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ní òun ti fi dáná, irọ́ ló sì pa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà tó yìn ín lọ́jọ́sí kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti rẹ Màmá Onínujú, Èkó ti wà lára rẹ̀ jù. Ó gbọ́. Ó gbé ojú kúrò.

Inú oṣù Okúdù ni Bàbá Bámijókò dé, Stephen tẹ̀lé e. Bàbá dúró sẹ́nu oko, ó wo ewé, ó wo ẹ̀gúsí, ó wo koríko tí wọ́n gé tí wọn kò kó.

"Áà! Christiana! O ti sọ oko bàbá rẹ di ààtàn!"

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jókòó sí ahéré, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín."

Ó ti múra sílẹ̀. Ó gbé ife gíláàsì méjèèjì jáde, ó pọn omi, ó sọ ògúlùtù sí wọn. Ọ̀kan tú, ọ̀kan jókòó. Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọn orí.

"Idán ni, mo rí i. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ife omi ṣe? Ṣé inú ife ni uṣu ń ta sí?"

Stephen rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Àǹtí, ẹ wo tèmi lọ́hùn-ún. Mo fi oògùn apakoríko wọ́n ọn, mo sì tún fi ọkọ́ há a. Bí owó ẹyọ ló rí, ó mọ́!"

"Mo rí i," Christiana ní.

"Christiana, etí mi ti kún," Bàbá sọ. "Kò sídìí tí a fi máa dúró de ìkórè. Mo máa pe ẹbí jọ, kí a..."

Kò parí rẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú láti ẹ̀yìn àpáta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn fura. Òjò náà kò kán, ńṣe ló dà. Ariwo rẹ̀ lórí ewé ahéré kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn mọ́. Àwọn mẹ́ta jókòó, wọ́n ń wo ìta.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé omi nìkan ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà ni Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Lápá ọ̀dọ̀ Stephen, àgbàrá ti bẹ̀rẹ̀, pupa bí epo, ó ń sáré, ó ń fà, ó ya ọ̀nà sáàárín ẹ̀gẹ́, gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ń yọ síta funfun báláú bí eyín. Lápá ọ̀dọ̀ Christiana, omi ń bọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí arúgbó. Ó kọlu ebè, ó yí gba ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sábẹ́ ewé, ó pòórá, ó tún yọ nísàlẹ̀.

Kí òjò tó dá pátápátá, Bàbá ti dìde. Ó da omi inú ife méjèèjì nù, ó kó wọn dání, ó jáde.

"Bàbá! Òjò ṣì ń rọ̀!"

"Ṣé iyọ̀ ni mí?"

Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé ìlà pèrègún, Christiana di apá rẹ̀ mú, Stephen ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ààlà ti pàdé etí odò, Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó bu omi tó ń bọ̀ láti oko Stephen sínú ife kan, ó bu èyí tó ń bọ̀ láti oko Christiana sínú èkejì. Ó gbé méjèèjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Christiana ti máa ń gbé ìnujú. Ọ̀kan rí bí ògì ọkà bàbà, ènìyàn kò lè rí ọwọ́ Bàbá lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò le, ìka Bàbá sì hàn kedere.

Òun fúnra rẹ̀, Christiana, kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ẹnu rẹ̀ là. Oko tó mọ́, omi rẹ̀ dọ̀tí. Oko tó dọ̀tí, omi rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń wá ìdọ̀tí, kò sì wá a débi tó ń gbà lọ rí.

Bàbá Bámijókò yíjú sí odò.

"Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ wà lọ́mọdé," ó sọ, "omi yìí ni à ń mu. A máa ń rí ẹja nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé ayé ló bàjẹ́." Ó na ife pupa náà sí ọmọ rẹ̀. "Stephen, gbà. Oko rẹ rèé. Òun ló ń lọ yìí. Sáré tẹ̀lé e."

Stephen gba ife náà, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, ìpàdé ẹbí ńkọ́?" Christiana bi í.

"Ìpàdé wo? Mo ní kí a dúró de ìkórè. Àbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a jiyàn?

Nígbà tí wọ́n wú iṣu, ẹ má retí pé ó tó ti bàbá Christiana. Ilẹ̀ tí wọ́n gbá fún ọdún mẹ́ta kò lè sanra ní òjò ẹyọ kan. Àwọn kan ṣì kéré. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó apá, ọ̀kan tilẹ̀ tó itan Ọlámidé, Ọlámidé sì ní ìtàn irọ́ nìyẹn, itan òun kò tó bẹ́ẹ̀. Christiana tún sọ ògúlùtù orí ebè sínú ife. Ó ṣì tú, ṣùgbọ́n kò tú bíi ṣúgà mọ́. Ó rọra ń ṣí ní ẹyọ-ẹyọ, bí ẹni tí kò fẹ́ lọ.

Àgbàlá Bàbá Bámijókò ni wọ́n ti gún iyán náà. Christiana ló gún un, ó kọ̀ kí Ọlámidé gba ọmọ odó. Ó gún un títí ó fi ń fà, ó bu tirẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì jẹ ẹ́. Bàbá náà bu òkèlè, ó pa ojú dé.

"Kò tíì tó ti bàbá rẹ," ó ní.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ṣùgbọ́n ulẹ̀ ti ń dáhùn. Máa ro oko rẹ lọ." Ó bu òkèlè mìíràn. "Ààtàn rẹ ni mo fẹ́ wí."

Bí ẹ bá gba títì tó jáde láti Ìkẹ́rẹ́ lónìí, ẹ lè rí Stephen tó ń gé ewéko olódòdó ìyeyè lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá kí i, á ní ti Àǹtí òun ni òun ń bá gé. Ẹ má gbà á gbọ́, oko tirẹ̀ ló ń kó o lọ. Christiana ti gba ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Àmọ̀kẹ́. Símẹ́ńtì iwájú ilé ló ń fi gbá báyìí. Ó ṣì ń dán bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun, ìnujú funfun ṣì wà lápò. Ewé tó bá gbá jọ níbẹ̀ ló ń dì sínú àpò, tó ń gbé lọ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́ lóko.

Ẹ má wá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nítorí pé wọ́n sọ ọ́ fún yín. Ẹ dìde. Ẹ bu ògúlùtù gbígbẹ kan ní àgbàlá tí ẹ ń gbá láràárọ̀, ẹ bu òmíràn lábẹ́ igi tí ìgbálẹ̀ kò dé rí. Ẹ wá ife gíláàsì méjì, ẹ pọn omi sí wọn, ẹ rọra sọ ọ́ sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.